Ìbéèrè Bàbá Alágbò

Bàbá wa àgbà, tó ń ta àgbò ní Òwu, kì í dárúkọ owó fún oníbàárà kí wọ́n tó béèrè pé: "Níbo ló máa sùn? Kí ló máa jẹ títí di Iléyá?" Ẹni tí kò bá lésì, wọn ò ní tà fún un.

Nígbà tí iléeṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù fún mi níṣẹ́, mo sáré lọ ka owó oṣù náà fún bàbá àgbà ní náírà. Wọn ò gbójú kúrò lára ẹran.

"Níbo lo máa sùn? Kí lo máa jẹ?"

Mo wo owó ilé ibẹ̀ lórí fóònù. Ilé nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé owó oṣù náà mì. Mo kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà: ẹ fowó ilé kún un, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mi ò wá.

Wọn ò tíì fèsì. Èmi náà ṣì wà lórí ìso bàbá àgbà, mò ń jẹun, mo sì ń sùn dáadáa.