Òwú tó tẹ̀ lé mi dé ibi iṣẹ́

Èmi nọ́ọ̀sì tí mo máa ń sọ fún àwọn ìyá ọmọ pé òwú kì í dá òsúkè dúró, ẹ wá wo ohun tójú mi rí lónìí.

Mo sáré jẹ gàrí láàárọ̀, ni òsúkè bá mú mi. Mo mumi, mo sé èémí, kò lọ. Ìyá ọkọ mi bá fa òwú pupa kan já létí ìró wọn, wọ́n fi itọ́ rẹ ẹ́, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi níwájú orí bí ọmọ ọwọ́.

Mo ní, "Màmá, iṣan abẹ́ ẹ̀dọ̀fóró ló ń ṣàdédé fún pọ̀. Iṣan ò mọ òwú."

Kí n tó sọ ọ́ tán, òsúkè ti lọ.

Wọ́n ní, "Iṣan ti gbọ́, ìyàwó mi. Máa lọ síbi iṣẹ́."

Mo fìbínú gun ọ̀kadà zẹ́mì kúrò ní Fidjrossè, àdúgbò wa. Nílé ìwòsàn, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ òsúkè fáwọn ìyá tó gbọ́mọ wá gbabẹ́rẹ́. Wọ́n kàn ń wo ara wọn. Ọ̀kan bá rọra ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, òwú yín ti fẹ́ já bọ́."

Kí lẹ fi ń dá òsúkè dúró nílé tiyín? Ẹni tó bá dárúkọ iṣan, màá búlọ́ọ̀kù ẹ̀.