Ìdí Igi Òrí Tí Ràmátù Gbá

Eérú koríko kan bọ́ sínú tíì mi láàárọ̀ yìí. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa nítòsí Challenge ní Ìlọrin, ọyẹ́ ń fẹ́, àwọn ọlọ́kadà ń fun fèrè bí ẹni pé fèrè ló ń gbé ọ̀kadà rìn, ni nǹkan dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tó ká kò bí irun ìpéǹpéjú, rọra já bọ́ láti òkè, ó sì balẹ̀ sínú ife mi. Ẹni tí kò mọ̀ á fi ṣíbí yọ ọ́ dànù. Èmi gbé ife sílẹ̀, mo sì wá fóònù mi.

Mo pe Ràmátù ọ̀rẹ́ mi. Ó dún títí, kò gbé e. Mo tún un pè. Kò gbé e. Ọmọ mi obìnrin tó ń ya irun níwájú dígí wò mí, ó ní, "Màámi, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé iná ọ̀nà Malete lẹ ń gbóòórùn láti ibí?" Ọmọ tí kò tíì sùn lábẹ́ ilé koríko rí, kí ló mọ̀? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín, ẹ̀yin tí ẹ rò pé páànù ló ń hù lórí ilé, kí n tó tún un pè.

Òkè gíga kan wà lọ́nà Malete, tí abúlé ìyá tó bí ìyá mi, tí à ń pè ní Ìyá Àgbà, wà léjìká rẹ̀. Mo ní èjìká, nítorí pé bí ọmọ bá ṣubú níwájú ilé níbẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíì ni wọ́n ti máa ń gbé e. Ibẹ̀ gbẹ, àpáta rẹ̀ sì pọ̀ ju iyẹ̀pẹ̀ lọ. Ńṣe ni wọ́n to òkúta láti fi di iyẹ̀pẹ̀ mú, kí òjò má baà gbé oko wọn lọ fún àwọn ará ìsàlẹ̀, ẹ̀yìn òkúta yẹn ni wọ́n sì ń gbin ọkà bàbà sí. Igi ibẹ̀ kì í ga. Wọ́n kúrú, wọ́n wọ́, gbogbo wọn kẹ̀yìn sí ibi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, bí àwọn ìyàwó tó ń bínú sí ọkọ kan náà. Igi oṣè kan wà tó hù láàárín àpáta tó sán, tí a ò mọ ohun tó ń jẹ. Ìyá Àgbà ní sùúrù ló ń jẹ.

Bẹẹrẹ àti igi òrí ló gbé abúlé náà ró. Bẹẹrẹ ni koríko gíga tí wọ́n fi ń bo ilé. Igi òrí ní tirẹ̀, èpo ara rẹ̀ le bí ẹ̀yìn ọ̀nì, èso rẹ̀ ni àwọn obìnrin fi ń ṣe òrí tí wọ́n ń tà. Kò sẹ́ni tó gbin ọ̀kankan nínú wọn, Ọlọ́hun ló gbìn wọ́n. Nítorí náà, òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá gbá ìdí igi kí iná ọdún tó dé ló ni èso rẹ̀. Àwọn obìnrin á gé bẹẹrẹ tán, wọ́n á ro ìdí igi òrí wọn, wọ́n á gbá a mọ́ roboto, wọ́n á sì sun pàǹtí rẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí ìrì ṣì wà nílẹ̀, kí iná ńlá má baà rí nǹkan jẹ tó bá dé. Ìgbà náà ni Baálẹ̀ á tó ní kí wọ́n ṣáná sí ìgbẹ́, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Igi tí olówó rẹ̀ kò bá gbá, ti ẹni tó bá bá a gbá a ni. Wọn kì í wojú ẹni.

Ràmátù ni ọ̀rẹ́ mi níbẹ̀. Bí iléèwé bá ti gbàsinmi ni bàbá mi máa ń gbé mi láti Ìlọrin lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, kí wọ́n lè kọ́ mi níṣẹ́, nítorí ó ní ẹnu nìkan ni mo mọ̀ ọ́n lò. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìyá Ràmátù kú nígbà òjò. Ohun tó fi sílẹ̀ fún un kò ju igi òrí kan lọ, ní góńgó òkè, níbi tó jìnnà jù. Igi náà ti ń yọ òdòdó. Ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀ sì ti ń wí lójú ọ̀nà odò pé, "Ta ni yóò jẹ́ kí ọmọ kékeré gun ibẹ̀? Bí kò bá rí i gbá, èmi á gbá a." Ràmátù gbọ́.

Nílé ìdáná Ìyá Àgbà, mo ní ọgbọ́n ọ̀lẹ kan: dípò kí n lọ ṣẹ́gi, eérú àná ni mo máa ń fẹnu fẹ́ kó lè gbiná. Ìyá Àgbà á bú sẹ́rìn-ín. "Ará Ìlọrin, iná kì í jẹ oúnjẹ kan lẹ́ẹ̀mejì. Dìde, lọ ṣẹ́gi wá." Ràmátù á wá fi ọ̀rọ̀ náà ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ títí a ó fi dé ìdí igi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìṣáná Ìyá Àgbà di àwátì. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ dá lẹ́bi. "Wàlláhì, ìwọ ọmọ yìí, ìṣáná mi ò lẹ́sẹ̀!" Mo búra, mo sunkún, a sì lọ fọnná nílé kejì. A ṣẹ̀ṣẹ̀ bu ẹ̀kọ gbígbóná sínú igbá ni eérú kan bọ́ sínú tèmi, dúdú, tẹ́ẹ́rẹ́, ó ká kò. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ọ̀run ti bu ṣúgà sí ẹ̀kọ mi." Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbójú sókè, igbá sì bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹnì kan ti ṣáná sí ìgbẹ́ nísàlẹ̀ òkè kí àṣẹ tó jáde. Títí dòní, a ò mọ ẹni náà.

Ẹ̀yin tí ẹ bá rí iná, ilé lẹ máa sá sí. Níbẹ̀, ilé gan-an ni oúnjẹ iná. Ẹ̀yìn abúlé la sá lọ, sórí àpáta borokoto tí koríko kankan kò hù. Àwọn ìyá gbé ọmọ, àwọn ọkùnrin ń wọ́ ewúrẹ́, Ààfáà abúlé ru wàláà, pátákó tí àwọn ọmọ kéwú fi ń kọ̀wé, lérí. Nígbà tí a dúró tán, tí oníkálukú ń wo ará ilé rẹ̀, Ìyá Àgbà bi mí ní ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu wọn rí: "Ràmátù dà?"

Mo kàn gbójú wo góńgó òkè, gbogbo wa sì mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iná ti gba ẹ̀gbẹ́ abúlé kọjá, ó ń gùn lọ, ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń fa aṣọ ya. Ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ bọ̀ǹbọ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu. Àwọn ọkùnrin sáré lọ, ooru dá wọn padà. Ni èéfín mìíràn bá yọ lókè pátápátá, níwájú iná náà.

Igbe ta. "Ìnnà lílláhì! Ó ti fò débẹ̀!" Mo di aṣọ Ìyá Àgbà mú.

Ìyá Àgbà nìkan ni kò ké. Wọ́n fọwọ́ ṣíji bojú, wọ́n wò ó pẹ́. "Ẹ dákẹ́ ná. Iná ìsàlẹ̀ kò tíì débẹ̀. Ẹnì kan ló dá èyí." Wọ́n tún wò ó, ni wọ́n bá fò sókè: "Ìṣáná mi nìyẹn!"

N kò rí ẹni tí wọ́n jà lólè tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àmọ́ ayọ̀ náà kò pẹ́. Iná ńlá pàdé kékeré, èéfín bo góńgó òkè, a ò rí nǹkan kan mọ́. A dúró. Àkókò Àílà tó, a kírun lórí àpáta, n kò sì mọ ohun tí mo kà. Nígbà tí ilẹ̀ ṣe é tẹ̀, a gun òkè dúdú náà lọ, Ìyá Àgbà níwájú, ẹni tó ní orúnkún ń dun òun láti ọdún tó kọjá.

Ràmátù jókòó sídìí igi òrí ìyá rẹ̀, lórí ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti sun, ìgbálẹ̀ lórí itan. Irun ìpéǹpéjú rẹ̀ ti jóná tán. Ó na páálí ìṣáná sí Ìyá Àgbà. "Ẹ má bínú, ká ní mo tọrọ ẹ̀ ni, ẹ ò ní jẹ́ kí n wá." Ó wá yíjú sí ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀: "Mo ti gbá a."

Ìyá Àgbà gbá a létí, wọ́n sì fà á mọ́ra kó tó ráyè sunkún.

Lọ́jọ́ kejì ni mo bi í bó ṣe ṣe é. Ó ní òun rí i pé iná ń bọ̀, àpáta sì jìnnà. "Mo bá rántí ẹ, ìwọ àti eérú àná rẹ. Mo sun koríko tó wà níwájú mi, mo sì bọ́ sínú eérú rẹ̀." Ẹ rí i pé ọ̀lẹ náà wúlò.

Páànù ti bo gbogbo ilé abúlé náà báyìí. Nítorí pé kò sẹ́ni tó ń gé bẹẹrẹ mọ́, kò sẹ́ni tó ń dúró de àṣẹ kó tó ṣáná. Àwọn ọ̀dọ́ ti lọ kàwé. Àwọn oníèédú ń gé igi òrí lulẹ̀. Èédú tí wọ́n fi ń sun àgbàdo fún yín ní Ọ̀fà Garage, ìyá ẹnì kan ti gbá ìdí igi rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n Ràmátù kò sọ̀kalẹ̀ kúrò lókè náà. Igi òrí yẹn náà kò kú.

Fóònù dún.

"Ará Ìlọrin! Kí ló dé tí o ń pè mí léraléra bí ọkọ àfẹ́sọ́nà? Eérú bọ́ sí tíì rẹ, àbí?"

"Níbo lo wà?"

"Lókè. Ibo ni n bá tún wà?"

Lẹ́yìn ohùn rẹ̀, mo gbọ́ nǹkan tó ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń fa aṣọ ya.

"Ràmátù, jọ̀ọ́, sọ̀kalẹ̀."

"Mo ti gbá a tán. Ìṣáná wà lọ́wọ́ mi. Fi mí sílẹ̀ kí n ráyè ṣá a."

Ó pa fóònù. Ọmọ mi jáde wá, ó wo ojú mi, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó jókòó tì mí. Tíì ti tutù, eérú ti rì sísàlẹ̀ rẹ̀. Mo gbé fóònù lé itan, mò ń wí i lábẹ́ ètè bí ẹni tó ń fa tẹ̀sùbáà: iná kì í jẹ oúnjẹ kan lẹ́ẹ̀mejì, iná kì í jẹ oúnjẹ kan lẹ́ẹ̀mejì.