Abọ́ Tó Padà Dé Pẹ̀lú Èlé

Ní ilé ìwádìí tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí kì í fẹ́ jẹun, Ìyá Òṣùwọ̀n ni wọ́n ń pe obìnrin tó máa ń wọn abọ́ ọmọ kí ó tó jẹun àti lẹ́yìn tó bá jẹ tán. Mo bi í pé kí ló le nínú ìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó sọ ti ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rin kan fún mi.

Dókítà ti ní bí ọmọ náà kò bá jẹun títí di ọjọ́ Ẹtì, rọ́bà tí oúnjẹ ń gbà kọjá ni wọn yóò tì bọ imú rẹ̀. Ní Ọjọ́rú, abọ́ ìrẹsì rẹ̀ padà dé, ó fi gíráàmù mẹ́wàá wúwo ju bó ṣe lọ.

“Màmá, òṣùwọ̀n yín ti ń ṣarán,” ni dókítà wí.

“Èmi ni mo dàgbà, kì í ṣe òun. Lọ́la, ẹ jẹ́ ká wọn abọ́ ìyá ọmọ náà tó ń jókòó tì í jẹun.”

Lọ́jọ́ kejì, abọ́ ọmọ tún fi mẹ́wàá lé. Ti ìyá fi ọgọ́ta dín.

“Mo bù díẹ̀ kún tiẹ̀ ni, bóyá yóò wù ú,” ni ìyá ọmọ wí. “Ẹnu mi ò kan nǹkan kan.”

“Àádọ́ta yòókù wá dà?” ni Ìyá Òṣùwọ̀n bi í.

Wọ́n yíjú sí ọmọ. Hóró ìrẹsì lẹ̀ mọ́ ọn ní àgbọ̀n.

“Ti màmá mi ló dùn.”

“Ìkòkò kan náà mà ni!” ni ìyá rẹ̀ wí.

Mi ò tètè gbà á gbọ́, mo ní kí ó fi ìwé tó ń kọ òṣùwọ̀n ọmọ náà sí hàn mí. Ó ti fi bírò kọ “abọ́ ìyá” sí etí ìwé náà. Nísàlẹ̀, dókítà ti fagi lé ọ̀rọ̀ náà, “rọ́bà”.