Obìnrin Tó Ń Kan Ilẹ̀kùn

Èmi ni ìwé ìròyìn àdúgbò wa ní Pineridge, lókè òkun níbí, ń bá wí lóṣù yẹn. Wọn ò dárúkọ mi o. Wọ́n kàn kọ ọ́ sábẹ́ ìròyìn ológbò tó sọnù pé obìnrin kan ń kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn láìnídìí, kí kálukú ṣọ́ra.

Láìnídìí kẹ̀! Bàbá àgbàlagbà tó ń dá gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi kì í jẹ́ kí snow pẹ́ lórí àtẹ̀gùn wọn. Nígbà tí mo rí i pé ó ti di ọ̀sán tí ẹnikẹ́ni ò tíì kó o, mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, mo lọ kan ilẹ̀kùn. Ara wọn ò yá ni. Mo gbé ọbẹ̀ ata gbígbóná lọ fún wọn. Bí mo ṣe máa ń ṣe fún gbogbo aládùúgbò mi nìyẹn.

Ọmọ mi obìnrin ka ìwé náà, ó ní, "Mummy, just text people first." Ta ni kí n text? Ṣé wọ́n fún mi ní nọ́ńbà ni?

Nígbà tí wọ́n pe ìpàdé àdúgbò, mo dìde, mo sọ ọ́ lóyìnbó kó lè yé wọn dáadáa: "Èmi ni obìnrin yẹn. Ẹ kọ ọ́ lóṣù tó ń bọ̀ pé mi ò tíì jáwọ́. Àbí ìgbà tí òórùn òkú bá ránṣẹ́ pè wá lẹ fẹ́ ká tó kan ilẹ̀kùn?"