Ẹ̀rọ Tó Ń Gbin Kó Tó Dìde

Lámídì ni orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ẹ̀rọ tó fi ń fa omi ló sì ń rán mi létí rẹ̀ láràárọ̀. Bó bá ti tanná sí i nínú ọgbà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi, ẹ̀rọ náà a gbin, gílóòbù iyàrá mi a sì ṣẹ́jú. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ girama àwọn onítẹ̀bọmi ní Ìwó, bàbá mi ra ẹ̀rọ oníná tó ń lọ èlùbọ́ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn obìnrin Kúta àti Olúpọ̀nnà a gbé iṣu gbígbẹ wá, ìyẹ̀fun a bo irun ojú wọn, wọn a darúgbó lójú ẹsẹ̀. Lámídì ni bàbá mi fi ṣe oníná, nítorí ó ti gbé Ìbàdàn fúngbà díẹ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń tan gílóòbù ló fà sí ẹ̀rọ náà. Bí ẹ̀rọ bá ti fẹ́ dìde, fíúsì a já.

Mo ti kà á nílé ìwé pé ẹ̀rọ tó ń dìde ń fa iná ní ìlọ́po-ìlọ́po ju èyí tó ti ń sáré lọ. Bí arúgbó ló rí: ìdìde ló ń ni ín lára, kì í ṣe ìrìn. Wáyà tó nípọn ló yẹ ẹ́, àti fíúsì tó lè fara da ìdìde yẹn, ṣùgbọ́n tí yóò já kí wáyà tó gbóná jù. Lámídì ò wá wáyà mìíràn. Okùn bàbà nínípọn ló ká mọ́ fíúsì.

"Bọ̀dá, bí fíúsì ò bá já mọ́, wáyà ni yóò jó o."

"Ọ̀jọ̀gbọ́n Ràbí! Ṣé ìwé ló ń lọ èlùbọ́ ni?"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ ọjà, ó tanná sí ẹ̀rọ náà nígbà tí iṣu ti kún ẹnu ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ gbin, kò lè dìde. Fíúsì tó yẹ kó já kò já. Òórùn rọ́bà ló kọ́kọ́ dé, kí iná tó gba inú àjà lọ. Kò pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó jó ṣọ́ọ̀bù náà kanlẹ̀. Kí eérú tó tutù, Lámídì ti dọ̀bálẹ̀ níwájú bàbá mi: "Ràbí yín ló tọwọ́ bọ fíúsì. Ìwé ló ń gùn ún." Bàbá mi, tó máa ń fi mí yangàn lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, gbà á gbọ́. Ó yọ mí kúrò ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì, ó ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ẹnjiníà ni mo fẹ́ ṣe. Ábídí ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Fíúsì ti di bírékà báyìí, èlùbọ́ sì ti ń dé nínú ọ̀rá. Ẹ̀rọ ṣì ń gbin kó tó dìde. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ṣì ń jó. Ẹni tó purọ́ mọ́ mi ṣì ń jí kírun àsùbáà.

Lánàá, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà mi. Mo kúnlẹ̀ kí i, ẹ̀gbọ́n ṣáà ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ti ń retí lẹ́nu rẹ̀ láti kékeré. Ó wo ilẹ̀, ó wo òrùlé mi, ó wúkọ́.

"Ràbí, bírékà ẹ̀rọ omi mi ń já ṣáá. Wáyà wo gan-an ni kí n rà?"