Ọgbà Ìṣeré Tàbí Lọ́ńdọ̀nù

Òórùn kelewele, dòdò aláta, wọlé láti ìta bí ọmọbìnrin mi ṣe ń bẹ̀bẹ̀ pé òkè òkun lòun fẹ́ lọ láti fi ṣàjọyọ̀ ìparí ẹ̀kọ́ òun. Mo rántí ọ̀sán tí mo parí pírámárì. Bàbá ní kí n yan ẹ̀bùn mi, ìrìn àjò sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí ọgbà ìṣeré tí a máa ń lọ lọ́jọ́ Iléyá. Kí n tó dáhùn, Màmá ti mú mi lọ sọ́gbà, a jọ gun kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbéni yípo.

Ó fi orúkọ àdúgbò wa ṣẹ̀fẹ̀ fún mi: "Òyìnbó Sabon Zongo, ṣé wọ́n ní irú èyí ní Lọ́ńdọ̀nù?"

Mi ò tíì mọ̀ pé ẹ̀rù pé mo lè lọ kí n má padà ló gbé e wá.

Lókè téńté, òkun tẹ́ rẹrẹ lẹ́yìn àwọn òrùlé onípáànù, ó ń dán, kò lópin.

"Màmá, kí ló wà lódìkejì?"

Ó di ọwọ́ mi mú pinpin. "Tí o bá débẹ̀, kí o padà wá sọ fún mi."