Áínì Tí Bàbá Rodi Fi Irin Kọ́

Ìgbà tí mo gbọ́ ohùn ọkọ mi kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ló ń sọ. Mo wà nínú yàrá, mò ń ṣa ẹ̀wà. Òun ti jókòó sẹ́yìn alùpùpù tí yóò gbé e lọ sí Bosso, níbi tí ẹnìkan ti fi mọ́tò kọlu ògiri. Ó pariwo láti ẹnu ọ̀nà:

"Ìyá Rodi! Ewúrẹ́ Margaret ti wọ ilé ìdáná o! Bí ó bá fẹnu kan ẹ̀bà mi, òun gan-an ni n ó fi jẹ ẹ̀bà lálẹ́!"

Margaret, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí a jọ ń gbé inú ọgbà kan náà, dá a lóhùn láti yàrá tirẹ̀: "Bàbá Rodi, ẹ kọ́kọ́ ra ewúrẹ́ tiyín ná!"

Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Alùpùpù gbéra. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, wọ́n ti gbé e padà wá fún mi, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ní ó bẹ̀rẹ̀ láti mú òòlù nílẹ̀ ni, kò sì nà ró padà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n pè é. Ọdún 2005 ni, ààwẹ̀ kò tíì wọlé.

Àbdùlgàfárù ni orúkọ ọkọ mi, ọmọ Ọ̀fà ni. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tí ó ṣì kéré, àbúrò bàbá rẹ̀ sì fi rélùwéè gbé e wá sí Minna, ó fi í sẹ́nu iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì-bítà, àwọn tí ń fi òòlù na ara mọ́tò tó ti tẹ̀ títí yóò fi gún padà. Kò rí ilé ìwé, kò sì rí ilé-kéwú. Ohun tí ó fi ń kírun, etí ni ó fi kọ́ ọ lẹ́yìn àwọn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀! Mọ́tò tí o bá rí lánàá tí ó rún bí bébà, bí o bá padà débẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìwọ tí o ni ín gan-an yóò máa wá ibi tó ti rún. Ní Keteren Gwari, àdúgbò wa ní Minna, àwọn Haúsá kì í pe orúkọ rẹ̀. "Mai hannu" ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni ọlọ́wọ́, ẹni tí Ọlọ́run fún ní ọwọ́.

Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá tí a jẹ́ Mùsùlùmí, kí ọmọbìnrin tó lọ sílé ọkọ, yóò jókòó láàárín èrò, yóò ka kéwú tí ó ti ń kọ́ láti kékeré, kí ayé lè mọ̀ pé àwọn òbí rẹ̀ tọ́ ọ. Wólímọ̀ ni à ń pè é. Ààfáà ni í máa ń síwájú. Òun a ka gbólóhùn kan, ọmọ a sì kà á tẹ̀lé e. Ní ọdún 1997, a lọ síbi wólímọ̀ ọmọ Àlàbá, ọ̀rẹ́ ọkọ mi ní Maitumbi. Ọmọ náà kà á débi pé omi bọ́ lójú àwọn àgbàlagbà. Nígbà tí a délé, Bàbá Rodi kò bọ́ bàtà. Ó dúró láàárín ilé.

"Ìyá Rodi, ǹjẹ́ o rí Àlàbá lónìí?"

"Mo rí i. Ó ń gbé àga kiri."

"Ẹn-ẹ́n. Ọmọ rẹ̀ ń kéwú, òun ń gbé àga kiri."

"Èrò ló pọ̀, Bàbá Rodi. Ta ni ẹ fẹ́ kí ó gbé e?"

"Ẹlòmíràn! Lọ́jọ́ ti Rodi, n kò ní gbé àga kankan. Èmi ni n ó síwájú rẹ̀."

Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé kì í ṣe àwàdà. Ọkùnrin tí kò mọ álífù, lẹ́tà kéwú àkọ́kọ́, yàtọ̀ sí igi ìṣáná! Rodiyat, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí a bí, ń lọ sọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà náà. Òun ti ń ka kéwú geere bí omi ẹ̀rọ.

Ó tọ Ààfáà Àbdùlwàhídù lọ, ẹni tí ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wa ní kéwú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ààfáà yìí kéré sí i lọ́jọ́ orí.

Ààfáà ní, "Bàbá Rodi, ọmọdé ni gbogbo àwọn tó wà lọ́dọ̀ mi o."

Ọkọ mi ní, "Ààfáà, ẹ jẹ́ kí èmi náà jẹ́ ọmọdé."

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, yóò fi kẹrosíìnì fọ epo dúdú kúrò lọ́wọ́, yóò wọ jálàbíà, yóò há wàláà rẹ̀ mọ́ abíyá, pákó tí àwọn ọmọ kéwú ń kọ iṣẹ́ wọn sí, yóò sì gba ojú ọ̀nà lọ níṣojú gbogbo ènìyàn. Àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀ ń wò ó. Àwọn obìnrin ìdí omi ń wò ó. Kò bo wàláà náà mọ́ra rí. Èmi mọ àwọn ọkùnrin tí wọn yóò lọ kọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ìlú mìíràn kí ojú má baà tì wọ́n.

Àwọn lẹ́tà tó ṣáájú kò fún un ní wàhálà. Orúkọ iṣẹ́ ni ó fún wọn. Álífù ni "irin tí kò tíì tẹ̀." Báà ni "abọ́ tí a fi ń gbe ọ́ìlì." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lọ wọ́ọ́rọ́ títí wọ́n fi kan áínì. Ìkọ́ kékeré lókè, ìkọ́ ńlá nísàlẹ̀, àwọn méjèèjì la ẹnu sí ọwọ́ ọ̀tún. Ó gbé wàláà wálé lọ́jọ́ náà, ó nà án sí mi.

"Ìyá Rodi, wo èyí. Èyí ni mọ́tò tó kọlu tírélà."

Kíkọ rẹ̀ nìkan kọ́. Pípè rẹ̀ náà ń bẹ níbẹ̀. Ààfáà ní ìsàlẹ̀ ọ̀fun ni ó ti ń jáde, ibi tí ahọ́n Yorùbá kì í dé. Bàbá Rodi a jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, a na ọrùn, a máa fà á jáde. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Margaret sáré wá bá mi pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́.

"Ìyá Rodi, ẹ dìde! Egungun ẹja ti há Bàbá Rodi lọ́fun!"

Mo ní, "Kì í ṣe ẹja. Áínì ni."

"Áínì wo?"

Mo ṣàlàyé. Ó gbé ife náà sílẹ̀, ó jókòó, ó fetí sí i. Ó wá ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba."

Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, gègé kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ọwọ́ tó ń tẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò kò lè tẹ ìlà kékeré lórí wàláà. Ó ní, "Ọwọ́ mi kò mọ gègé. Irin ni ó mọ̀." Lọ́jọ́ kejì, ó mú wáyà irin kan bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó ní kí Rodi kọ áínì gàdàgbà sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì fi ẹ̀mú tẹ irin náà lé ìlà rẹ̀ títí ó fi bá a mu. Ó gbé e sójú fèrèsé. Ní ìdájí, lẹ́yìn ìrun Súbùhì, yóò mú un, yóò di ojú, yóò máa fi ìka tọ̀ ọ́ lọ tọ̀ ọ́ bọ̀, bí afọ́jú tó ń wá ojú ọ̀nà. Mo máa ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn wò ó. Ọ̀rọ̀ náà jọ mí lójú.

Ó lọ sí ilé-kéwú pẹ̀lú ìdánilójú. Ó kọ ọ́. Àwọn ọmọ fi ariwo bọ̀ ọ́, Haúsá ló sì yá wọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ: "Baba ya rubuta uku! Baba ya rubuta uku!" Wọ́n ní bàbá kọ ẹẹ́ta. Lóòótọ́, ẹẹ́ta tí wọ́n ń kọ ní ilé ìwé ni ó wà lórí wàláà. Ẹnu ìkọ́ méjèèjì ti yí sí ọwọ́ òsì. Ààfáà ní kí wọ́n dákẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn ó kọ ọ́, ó tọ̀nà. Lọ́jọ́ kẹta, ẹẹ́ta! Gbogbo òjò ọdún náà, bí ó ṣe ń lọ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó mọ ìdí rẹ̀. Ààfáà kò sì jẹ́ kí ó fọ wàláà bọ́ sí lẹ́tà mìíràn, torí pé a kì í fọ iṣẹ́ tí a kò tíì mọ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ti ń so lẹ́tà pọ̀, òun ṣì jókòó ti áínì.

Ìgbà yẹn nìkan ni mo rí i kí ó rẹ̀ ẹ́. Ó gbé wàláà kọ́ ara ògiri, kò mú un fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Bóyá orí mi ti dípẹtà, Ìyá Rodi. Irin tó bá ti dípẹtà jù, bí o lù ú, ṣe ni yóò lu."

Mo ní, "Ta ni yóò wá síwájú Rodi?"

Lọ́jọ́ kejì, ó tún mú irin náà lójú fèrèsé.

Rodi ni ó rí ìdí ẹẹ́ta náà. Ó ń gbálẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bàbá rẹ̀ jókòó, ó di irin náà mú, ó ń fi ìka tọ̀ ọ́. Ọmọ náà dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹ̀ ń tọ̀."

"Ẹ̀yìn kí ni?"

"Ẹ̀yìn áínì. Ẹ yí i padà."

Ó yí i. Ó tún yí i. Tí o bá gbé irin sílẹ̀ báyìí, áínì ni. Tí o bá dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹẹ́ta ni. Ojú tó bá bá ọwọ́ rẹ̀ pàdé ní ìdájí, òun ni yóò kọ lọ́jọ́ náà. Wàláà kò ní ẹ̀yìn, irin ní ẹ̀yìn! Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Èmi tí mo ń so ilẹ̀kùn mọ́tò! Èmi ni n kò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn!" Kí ó tó jẹun, ó ti fi ọ̀dà pupa kun ojú kan irin náà. Láti ọjọ́ yẹn, kò kọ ẹẹ́ta mọ́.

Ààfáà wá sọ fún un pé áínì ní ara mìíràn bí ó bá wà níwájú ọ̀rọ̀, ó ní ara mìíràn láàárín, ó ní òmíràn ní ìparí. Ó tẹ irin fún gbogbo wọn, ó kùn wọ́n ní pupa, ó tò wọ́n sójú fèrèsé. Margaret bèèrè bóyá irin adènà olè ni à ń ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ tí ó mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ, ibi iṣẹ́ ni ó wà. Áínì ni ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà. Àbúrò áínì, lẹ́tà tí wọ́n ń pè ní gáínì, tí ojú wọn jọra àfi àmì kan tó wà lórí rẹ̀, wà láàárín. Ṣọ́ọ̀kì funfun ni ó fi kọ ọ́ gàdàgbà sí ara Pijó tí ó ń tún ṣe. Ẹni tó ni mọ́tò dé, ó gbá orí mú.

"Bàbá, kí lẹ kọ sí mi lára mọ́tò? Ṣé oògùn ni?"

"Orúkọ mi ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ nù ún."

"Màá nù ún. Jẹ́ kí n wò ó díẹ̀ sí i."

Ó tó bí ọdún mẹ́fà tí ó fi ń bọ̀ láti ibẹ̀ dé ibi tí ó lè ṣí ìwé kí ó sì kà á. Nígbà tí Mùstàphá wá tọrọ Rodi láti fi ṣaya, tí a mú ọjọ́ wólímọ̀, bàbá rẹ̀ yan sùúrà kúkúrú kan, èyí tó mẹ́nu ba ọmọ òrukàn tí Ọlọ́run fún ní ibùgbé. Ó ní tòun ni. Áínì wà níbẹ̀ níwájú, ó wà láàárín. Ààfáà Àbdùlwàhídù gbà. Ó ní, "Ibòmíràn, èmi. Ibẹ̀ yẹn, ẹ̀yin ni, Bàbá Rodi."

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń ṣe é, òun àti Rodi lórí ẹní. Rodi ti di olùkọ́ nígbà náà, ó lè ka gbogbo rẹ̀ kí bàbá rẹ̀ tó la ẹnu. Ṣùgbọ́n kò ṣáájú rẹ̀ rí. Bàbá a ka gbólóhùn, a dé ibi áínì, a dúró, a mí kanlẹ̀. Ọmọ a tẹ ojú mọ́lẹ̀, a dúró dè é. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun, ó sì jáde mọ́ kedere. Ọmọ a wá kà á tẹ̀lé e, bí ẹni pé òun kò gbọ́ ọ rí.

Ìgbà tí mo jáde nínú tákàbà, ìyẹn ọ̀fọ̀ oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí opó ń ṣe, ni a tó ṣe wólímọ̀ náà. Àlàbá bá wa gbé àga. Ààfáà síwájú, Rodi tẹ̀lé e, ó kà á dáadáa, èrò sì ń ṣe àdúrà fún un. Wọ́n dé ibi sùúrà yẹn. Ààfáà bẹ̀rẹ̀ mọ́ Rodi, ó bi í léèrè bóyá kí òun kà á ní ipò bàbá rẹ̀. Rodi mi orí pé rárá. Wọ́n fò ó, wọ́n bọ́ sí èyí tó tẹ̀lé e.

Rodi ti bímọ báyìí. Kò sí ẹni tó tíì síwájú rẹ̀ ka sùúrà náà.